Obìnrin ẹfọ̀n nílé ọdẹ: ta ló sọ ọ́ fún àwọn ará òkè òkun?

Ọmọ_Ìkọ̀lé · Sátidé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Ìkọ̀lé lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. A lọ kí Màmá wa àgbà. Iná ò sí, fóònù gbogbo wa ti kú, a sì ti jẹ uyán yó. Àwọn ọmọ bá yí Màmá ká ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n pàlọ́ fún àwọn. Àlọ́ obìnrin ẹfọ̀n ni Màmá pa.

Fún ẹni tí kò bá gbọ́ ọ rí: ọdẹ kan wà lórí igi, ó ń ṣọ́ ẹran. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, ọjọ́ ọjà sì ni. Ẹfọ̀n kan yọ nínú igbó, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bọ́ awọ rẹ̀ bí ẹni bọ́ bùbá, ó ká a, ó tì í bọ inú ọ̀gán, ó sì di arẹwà obìnrin. Ó gbé igbá karí, ó kọrí sọ́jà. Ọdẹ sọ̀ kalẹ̀, ó gbé awọ, ó di ilé, ó di inú àká. Nígbà tí obìnrin náà dé tí kò bá ẹrù rẹ̀, ó tọ ọdẹ wá. Ọdẹ ní àfi bó bá máa fẹ́ òun. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún un pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́ ibi tí òun ti wá. Ó bímọ fún un. Àwọn ìyálé ń wádìí, wọn ò rídìí. Lọ́jọ́ kan wọ́n fún ọkọ wọn lẹ́mu mu yó, ẹnu rẹ̀ bá tú. Ilẹ̀ mọ́, ìjà ṣẹlẹ̀ nídìí ọlọ, ìyálé bá ní, "Máa jẹ, máa mu, awọ rẹ ń bẹ nínú àká." Obìnrin náà lọ gbé awọ rẹ̀ wọ̀, ó di ẹfọ̀n padà, ó pa ìyálé, ó sì wọgbó lọ.

Nǹkan kan wà tí Màmá máa ń fi sí i tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn rí. Awọ yẹn ti gbẹ, ó ti le koránkorán, kò ṣeé gbé wọ̀ mọ́. Obìnrin náà bá gbé e síwájú àmù, ó ń bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ra á, apá kan, itan kan, títí ó fi rọ̀. Gbogbo ìgbà tó fi ń ṣe é, ìyálé dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè sá, kò lè pariwo. Bí Màmá bá dé ibẹ̀, ọwọ́ wọn gan-an á máa ra wẹ́rẹwẹ̀rẹ lórí itan wọn.

Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bá ní, "Màmá, mo ti wò ó rí nínú kàtúùnù. Ẹran inú òkun ni tiwọn, ọkọ ẹ̀ jí awọ ẹ̀ pamọ́." Màmá kọjú sí mi, wọ́n ní, "Ìsí ló sọ fún ọn?" Ta ló sọ fún wọn? Kì í ṣe àwàdà o. Inú wọn ò dùn, àfi bí ẹni pé ẹnìkan ti lọ tú ẹrù ìdílé wa níta. Mi ò rí èsì fọ̀. Ẹ gbà mí, ta ló sọ fún wọn?

Akẹ́kọ̀ọ́_Lítíréṣọ̀ · Sátidé, 10:02 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí ọmọ yín wò, ìtàn àwọn ará erékùṣù Orkney àti Shetland ni, lápá òkè Scotland. Ẹran òkun tí wọ́n ń pè ní seal ló ń bọ́ awọ létí òkun tó ń di obìnrin. Selkie ni wọ́n ń pè é. Apẹja kan á jí awọ, á fi í ṣaya, wọ́n á bímọ, lọ́jọ́ kan á rí awọ rẹ̀, á padà sínú òkun.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ nìkan. Ní Japan, aṣọ ìyẹ́ ni. Apẹja rí i lórí igi páínì ní etíkun Miho, obìnrin ọ̀run ló ni ín. Wọ́n ti sọ èyí di eré orí ìtàgé látayébáyé, Hagoromo lorúkọ rẹ̀. Apẹja tiwọn tiẹ̀ ṣèèyàn, ó dá aṣọ padà, ó ní kí obìnrin náà ṣáà jó fún òun wò. Nínú ewì àtijọ́ àwọn ará Iceland, àwọn obìnrin ẹyẹ mẹ́ta ló fẹ́ Völund alágbẹ̀dẹ àtàwọn arákùnrin rẹ̀. Wọ́n lo ọdún méje, ní ìkẹjọ ọkàn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fà sílé, ní ìkẹsàn-án wọ́n fò lọ. Láàárín àwọn Lárúbáwá, Hasan ará Basra ni ọkọ, nínú àwọn ìtàn ẹgbẹ̀rún òru ó lé kan.

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Stith Thompson, fi ayé rẹ̀ ka irú nǹkan báyìí. Láàárín 1932 sí 1936 ó tẹ ìwé ńlá ìdìpọ̀ mẹ́fà jáde, ó tún un ṣe láàárín 1955 sí 1958. Gbogbo ìtàn ló tú sí wẹ́wẹ́, ó sì fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà bí ẹni ń to ẹrù sí ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin ẹyẹ tó bọ́ aṣọ ìyẹ́ sílẹ̀, D361.1 ni nọ́ńbà tirẹ̀.

Ọmọ_Ìkọ̀lé · Sátidé, 10:09 alẹ́

D361.1. Bí mo bá sọ ìyẹn fún Màmá, ilé ẹlòmíràn ni mo máa sùn lálẹ́ yìí 😂

Ọmọọdẹ_Òkèmesì · Sátidé, 10:40 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká pe èyí ní àlọ́ lásán. Ọdẹ ni bàbá tó bí mi, ọdẹ ni bàbá tó bí i. Obìnrin yẹn lórúkọ. Ọya ni. Bí ọdẹ bá ń sun ìjálá tó bá dórí ẹfọ̀n, ẹ ó gbọ́ ọ, kì í kọjá láìsọ ọ́. Ìwo ẹfọ̀n méjì kì í sì í wọ́n lójúbọ Ọya. "Máa jẹ, máa mu" tí Màmá sọ yẹn, kì í ṣe ẹnu ìyálé nìkan ló wà.

Ẹran tí ọdẹ ń bẹ̀rù jù lọ náà sì ni ẹfọ̀n. Erin á kọjá lọ ní tirẹ̀. Ẹfọ̀n tí ọta bà tí kò kú, ẹ̀yìn rẹ ló máa gbà yọ. Ẹni tó bá ti rí ojú ẹfọ̀n tó fara gbọgbẹ́ kò ní bi yín léèrè ìdí tí wọ́n fi ní obìnrin ni tó ń bínú. Bàbá mi máa ń sọ pé ọlọ́gbọ́n ọdẹ tó bá rí ẹfọ̀n ní ọjọ́ ọjà, kó yáa sọ̀ kalẹ̀ kó relé.

Nítorí náà, tí wọ́n bá ní nọ́ńbà kan náà ló bá a àti obìnrin inú òkun mu, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin inú òkun yẹn, ta ló pa?

ÌyáÌbejì_Adó · Sátidé, 11:15 alẹ́

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó pe ọdẹ lólè. Obìnrin bọ́ aṣọ, ọkùnrin jí i gbé, ó ní àfi kó fẹ́ òun kó tó rí ẹrù rẹ̀. Níbo ni wọ́n ti ń pe ìyẹn ní ìgbéyàwó?

Èmi ò bínú sí ìyálé bẹ́ẹ̀. Ìyálé ló là á lójú. Bí kò bá sí ìjà nídìí ọlọ, inú àká ni awọ yẹn ì bá jẹrà sí. Ẹ wo ti Scotland tí àbúrò sọ: ta ló sọ fún obìnrin yẹn níbi tí awọ wà?

Akẹ́kọ̀ọ́_Lítíréṣọ̀ · Sátidé, 11:31 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, ìbéèrè yín mà dára o. Nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ni. Ọmọ kékeré kan á rí i tí bàbá ń gbé nǹkan kan jáde láti òrùlé, á lọ bi ìyá rẹ̀ pé kí ni nǹkan tó ń dán yẹn. Láìmọ̀ ni ọmọ fi ń lé ìyá rẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn sì rèé, òun fúnra rẹ̀ ló kàn bá a níbi tó ti ń tún ilé ṣe. Kò sí ìyálé níbẹ̀.

Tíṣà_Àgbà · Sọ́ńdè, 6:20 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ yín kò sì jẹ́ kí n sùn dáadáa lóru àná.

Ibi tí ÌyáÌbejì fi ọwọ́ bà yẹn ni kókó. Awọ tí wọ́n jí, gbogbo ayé ló ní in. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ mọ ilé tí ìtàn ti wá, ẹ má wo bí obìnrin ṣe wọlé. Ẹ wo bó ṣe jáde. Ní erékùṣù tí ọkọ, aya àti ọmọ nìkan ń gbé, ọmọ ló máa tú àṣírí, torí kò sẹ́lòmíràn nínú ilé. Nínú agboolé tiwa, orogún wà, ẹmu wà, ọlọ kan ṣoṣo sì wà tí gbogbo wọn jọ ń lò. Ìtàn náà ò lè gba ibòmíràn jáde, ẹnu ìyálé ló máa gbà.

Ní Íńdíà ńkọ́? Nínú Rigveda, ìwé kẹwàá, orin karùn-dín-lọ́gọ́rùn-ún, Urvashi obìnrin ọ̀run àti Pururavas ọkọ rẹ̀ ń bára wọn fà á lẹ́yìn tó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí àwọn ìwé wọn tó tẹ̀ lé e sọ ni pé èèwọ̀ ló bà á jẹ́: kò gbọdọ̀ rí ọkọ rẹ̀ níhòòhò. Wọ́n jí ọmọ àgùntàn rẹ̀ lóru, ọkọ fò dìde láì wọṣọ, mànàmáná kọ, ó rí i. Ó parí. Ìtàn ààfin nìyẹn. Àwọn alágbára ló wà nídìí rẹ̀, kì í ṣe ìyálé.

Ọ̀rọ̀ orogún ló sì wà nílẹ̀ wa níbí náà. Ṣé ẹ ti gbàgbé Ìkọ́gọ̀sì? Ìyàwó méjì ni wọ́n ní wọ́n jẹ́ fún ọkùnrin kan, ọ̀kan gbóná lára, èkejì tutù, wọ́n jà títí wọ́n fi di omi, ọkọ wọn di òkè tó wà níbẹ̀. Mo ti kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀ láìmọye ìgbà. Wọ́n ní omi gbígbóná yẹn tó nǹkan bí àádọ́rin ìwọ̀n Celsius níbi tó ti ń sun, níbi tó bá ti bá èyí tó tutù pàdé ó ti wálẹ̀ dé nǹkan bí mẹ́tàdínlógójì. Ẹ lè fi ẹsẹ̀ kan sí gbígbóná, ẹ fi ìkejì sí tútù. Gbogbo ìgbà tí mo bá kó wọn débẹ̀, àwọn ọmọ tó wá láti ilé olórogún ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Èkó_Ni_Mo_Wà · Sọ́ńdè, 8:47 àárọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Òyìnbó ló jí i. Wọ́n wá, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n fi orúkọ tiwọn sí i. Bí wọ́n ṣe ṣe idẹ Benin náà ni.

Tíṣà_Àgbà · Sọ́ńdè, 9:30 àárọ̀

Ọmọ mi, mo mọ ohun tó ń bí ọ nínú, ṣùgbọ́n èyí ò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé aláfọwọ́kọ tí ewì Völund wà nínú rẹ̀ ti wà ní Iceland láti nǹkan bí 1270. Ti Íńdíà lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún. Òyìnbó kankan ò tíì dé etíkun wa nígbà yẹn. Ti idẹ, a mọ ọdún, a mọ ọkọ̀ ojú omi, a mọ ẹni tó kó o, 1897 ni. Ẹ̀sùn olè gbọ́dọ̀ ní ọdún àti ọkọ̀.

Ó wà, èyí tó ní ọkọ̀ lóòótọ́. Ìjàpá tó lẹ̀ mọ́ ère tí wọ́n fi oje pa, tó gbá a lójú, tí ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀, tó fi ẹsẹ̀ ta á, tí ẹsẹ̀ lẹ̀, ẹ lọ bá a lọ́dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ehoro ló lẹ̀ mọ́ ère níbẹ̀, ọ̀dà ni wọ́n sì fi ṣe ère náà. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e dé ọ̀hún.

Ọmọ_Ìkọ̀lé · Sọ́ńdè, 10:05 àárọ̀

Sà, báwo wá ni èèyàn ṣe ń mọ̀ pé èyí rìn, èyí ò rìn? Ehoro náà lè lẹ̀ mọ́ nǹkan láìjẹ́ pé Ìjàpá kọ́ ọ.

Tíṣà_Àgbà · Sọ́ńdè, 12:50 ọ̀sán

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Nínú tèmi o: ohun tí kò wúlò ni kí o máa wò. Pé wọ́n jí awọ, ìyẹn wúlò, láìsí i kò sí ìtàn, nítorí náà ẹnikẹ́ni ló lè ronú kàn án níbikíbi. Àmọ́ pé inú àká ni awọ wà? Ó lè wà lókè àjà, ó lè wà lábẹ́ ẹní, ìtàn á ṣì dúró. Tí o bá wá rí àká yẹn gan-an ní ilẹ̀ jíjìn, a jẹ́ pé ẹnìkan ló gbé e débẹ̀.

Ó sì wà. Ní Bahia, ní Brazil, Iansã ni wọ́n ń pe Ọya. Pierre Verger, ọmọ Faransé tó di babaláwo ní Kétu ní 1953, tí wọ́n sọ ní Fátúmbí, kọ ìtàn náà sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀. Obìnrin ẹfọ̀n ni. Àká ni. Ọkọ mutí yó, àwọn ìyàwó yòókù fi orin bú u pé kó máa jẹ kó máa mu, awọ rẹ̀ wà ní àká. Ọmọ mẹ́sàn-án ló bí, ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ Ìyásàn-án ti wá. Nígbà tó ń lọ, ó pa àwọn orogún, kò fọwọ́ kan àwọn ọmọ, ó fi ìwo rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ fún wọn pé bí ewu bá dé kí wọ́n lù wọ́n pọ̀, òun á gbọ́ níbikíbi tí òun bá wà.

Èyí ló wọkọ̀. Ti Scotland ò wọkọ̀ kankan.

Ọmọọdẹ_Òkèmesì · Sọ́ńdè, 1:12 ọ̀sán

Ìwo méjì! Ṣé ẹ rí i! Mo ti sọ ọ́ lánàá.

Ará_Irè · Sọ́ńdè, 2:38 ọ̀sán

Tíṣà ò dárúkọ ọkọ. Mo mọ ìdí, torí pé onílé ò tíì dé ni. Mo ti dé. Ògún ni ọkọ nínú ìtàn tí wọ́n kọ ní Bahia yẹn. Ẹlòmíràn á ní ọdẹ kan ṣá ni, àwọn kan á ní Ṣàngó. Ẹ jẹ́ ká gba ti Ògún.

Ìlú wa ni Ògún wọlẹ̀ sí, Irè-Èkìtì. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n: ó ti ogun dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó bá àwọn èèyàn níbi àjọ kan tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀. Ó kí wọn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó gbé kèrègbè ẹmu, òfìfo. Ó gbé òmíràn, òfìfo. Ó ní wọ́n fi òun ṣẹ̀sín, ló bá yọ idà. Ìgbà tó yá tí wọ́n ṣàlàyé fún un pé èèwọ̀ ọjọ́ náà ni, kò lè fojú wo ohun tó ti ṣe, ó fi idà gún ilẹ̀, ó wọlẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé Irè kì í ṣe ilé Ògún, ẹmu ló yà mu níbẹ̀.

Ẹ wá fi èyí wé ti ẹfọ̀n. Lọ́dọ̀ wa, ẹmu tí kò sí ló ba ayé Ògún jẹ́. Nílé tó ti fẹ́ Ọya, ẹmu tó pọ̀ jù ni. Lọ́dọ̀ wa, àwọn tó yẹ kó fọhùn dákẹ́. Lọ́hùn-ún, òun tó yẹ kó dákẹ́ fọhùn. Ìtàn kan ni wọ́n yí inú rẹ̀ síta bí àpò ṣòkòtò. Mi ò gbọ́ kí ẹnìkan sọ èyí rí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín, nítorí náà bí ó bá jẹ́ irọ́, irọ́ tèmi ni.

Akẹ́kọ̀ọ́_Lítíréṣọ̀ · Sọ́ńdè, 3:20 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Irè, ara mi bù máṣọ!

Àti pé ọba tó wọlẹ̀ láì kú yẹn náà láwọn ẹlẹgbẹ́. Barbarossa, ọba àwọn ará Jámánì, kú sínú odò ní 1190 nígbà tó ń lọ sógun. Àwọn èèyàn rẹ̀ ò gbà. Wọ́n ní ó ń sùn nínú òkè Kyffhäuser, irùngbọ̀n rẹ̀ ń gùn, ó sì máa jí lọ́jọ́ tí ìlú bá nílò rẹ̀. Arthur ti Bìrìtìkó náà, bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ tí mo rí ni pé ẹnikẹ́ni ò bú wọn nínú ìtàn tiwọn. Tiwa nìkan ni ọba tó wọlẹ̀ nítorí ìtìjú.

Ará_Irè · Sọ́ńdè, 3:26 ọ̀sán

Ìtìjú kọ́. Àbámọ̀ ni. Ẹ má bà wá lórúkọ jẹ́ 😂

ÌyáÌbejì_Adó · Sọ́ńdè, 4:45 ìrọ̀lẹ́

Èmi fẹ́ mọ bí àwọn tó ń kọ̀wé ṣe ń lò ó. Ọmọ mi ní wọ́n fún wọn ní ìwé kan kà níléèwé tí ọ̀dọ́bìnrin kan tẹ̀ lé ọkùnrin ẹlẹ́wà kúrò lọ́jà, tí ọkùnrin náà ń dá ẹ̀yà ara padà lójú ọ̀nà fún àwọn tó yá a lọ́wọ́ wọn. Mo ní àlọ́ ìyá mi mà nìyẹn! Ọmọ ní rárá, Tutuola ló kọ ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Lítíréṣọ̀ · Sọ́ńdè, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Ọdún 1952 ni ìwé Tutuola jáde nílùú London, àlọ́ ọmọge tó kọ gbogbo ọkọ tí òbí fẹ́ fún un ló sì wà nínú ẹ̀. Ọwọ́ padà sọ́dọ̀ olówó, ẹsẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹlẹ́sẹ̀, ó ku agbárí nìkan tó ń fò kiri. Ohun tí Tutuola fi kún un ni owó. Ó jẹ́ ká mọ̀ pé iye kan ni wọ́n yá ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin náà sì ń san án lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni san owó ilé. Ẹ̀rù ibẹ̀ bà mí ju agbárí lọ.

Ní Ghana, Ama Ata Aidoo mú ọmọbìnrin yẹn kan náà, ó fi ṣe eré Anowa ní 1970. Kò sí agbárí níbẹ̀ o. Èèyàn gidi ni ọkọ tí ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn, àmọ́ ó di olówó ẹrú. Ẹ̀yà ara tí wọ́n yá ló ti di èèyàn tí wọ́n rà.

Ti iyàwó tó wá láti ibòmíràn, Elechi Amadi ṣe é ní 1966. Ihuoma arẹwà, gbogbo ọkùnrin tó bá fẹ́ràn rẹ̀ ló ń kú, torí pé aya ọba òkun ni kó tó wáyé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà sí: obìnrin náà fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ní awọ níbì kankan.

Tíṣà_Àgbà · Sọ́ńdè, 7:15 alẹ́

Ẹ má gbàgbé Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, àwọn aládùúgbò wa. 1938 ni àwọn ọdẹ rẹ̀ ti wọ igbó irúnmọlẹ̀, tí gbogbo ẹbọra inú àlọ́ jáde pàdé wọn. Òun ló kọ́kọ́ fi hàn wá pé àlọ́ lè gùn tó ìwé. Èmi kì í fẹ́ràn ìwàásù rẹ̀, kí n sọ tòótọ́, ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bó bá ń ṣàpèjúwe iwin, mi ò mọ ẹni tó tó o.

Ó wá ku ẹ̀yìn odì rẹ̀. Ọlá Rótìmí mú Oedipus àwọn Gíríìkì, ọmọ tí wọ́n ní yóò pa bàbá rẹ̀ yóò sì fẹ́ ìyá rẹ̀, ó gbé e wá sílẹ̀ Yorùbá, ó sọ ọ́ ní Ọdẹ́wálé. Ifẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ní 1968. Mo fi ṣe eré pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nígbà kan. Lẹ́yìn eré, ìyá arúgbó kan tó wá wo ọmọ ọmọ rẹ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun mọ ìdílé tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, pé kí n má dárúkọ wọn mọ́. Mo ní Màmá, ilẹ̀ Gíríìsì ni o. Ó wò mí tìka-tẹ̀gbin.

Èkó_Ni_Mo_Wà · Sọ́ńdè, 7:40 alẹ́

😂😂😂 A jẹ́ pé àwa náà jí tiwọn nìyẹn. Ó ti di ọmì.

Ọmọọdẹ_Òkèmesì · Sọ́ńdè, 8:22 alẹ́

Tíṣà, mo ti ń rò ó látàárọ̀. Tí ẹ bá ní ẹnu ló ń tú àṣírí nínú ìtàn tiwa, ẹ rántí ọba tó hùwo. Onígbàjámọ̀ nìkan ló mọ̀, ọ̀rọ̀ wú u nínú, ó lọ gbẹ́ ihò sínú igbó, ó sọ ọ́ síbẹ̀, ó bò ó. Igi hù níbẹ̀, ẹnìkan gé e fi ṣe fèrè, fèrè ò sọ nǹkan mìíràn ju "ọba hùwo, ọba hùwo" lọ. Ṣé ẹnu tún kọ́ nìyẹn?

Akẹ́kọ̀ọ́_Lítíréṣọ̀ · Sọ́ńdè, 8:50 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ yẹn ló máa dá wa dúró. Àwọn Gíríìkì ní in: etí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ọba Midas ní, esùsú ló tú u. Àwọn ará Ireland ní in, háàpù ló kọ ọ́ lórin. Àwọn ará Korea ní in nínú ìwé wọn ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá, wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀ sí ọba Gyeongmun, inú igbó ọparun ni afẹ́fẹ́ ti ń sọ ọ́. Kò sí orogún níbẹ̀, kò sí ẹmu, ẹnu ló ṣì tú u. Nítorí náà kì í ṣe àwa nìkan ni ẹnu ń dà láàmú.

Tíṣà_Àgbà · Sọ́ńdè, 9:05 alẹ́

O mú mi. Mo gbà. Ẹnu kì í ṣe tiwa nìkan. Mo dá a padà sórí ọlọ àti ìyálé, ibẹ̀ ni mo dúró sí, mi ò yẹ̀.

Ọmọ_Ìkọ̀lé · Mọ́ńdè, 7:48 alẹ́

Ẹ má bínú, iṣẹ́ ò jẹ́ kí n tètè wọlé. Mo fi fóònù pe Màmá lánàá. Mo ní wọ́n ti rí ìtàn wọn ní Brazil, ó ní àká, ó ní ìwo méjì. Wọ́n ní, "Ọmọ mélòó?" Mo ní mẹ́sàn-án. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní èyí tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ìyá wọn ò ní iye, ṣùgbọ́n èyí tó kéré jù ló gbé ìwo, torí òun nìkan ló ṣì ń sunkún nígbà tí àwọn yòókù ti sá lọ. Mi ò gbọ́ ìyẹn rí láyé mi, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí wọ́n ti pa àlọ́ yìí fún wa kò níye.

Àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn wá lo dátà rẹ̀, ó wá kàtúùnù yẹn jáde, ó gbé e síwájú wọn. Ó ní Màmá wò ó dópin. Ó ní wọ́n mi orí níbi tí wọ́n ti jí awọ. Nígbà tí obìnrin náà wọ inú òkun lọ tí orin ń kọ, àbúrò mi fẹ́ pa fóònù, Màmá bá dì í lọ́wọ́ mú pé kó dúró ná, wọ́n ń wá nǹkan kan kiri ojú fóònù náà. Ó ní, "Màmá, kí lẹ ń wá? Ó ti tán." Wọ́n ní:

"Ùyálé rẹ̀ ńkọ́?"

ÌyáÌbejì_Adó · Mọ́ńdè, 7:55 alẹ́

Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ sọ fún wọn pé ó ń bẹ ní Adó níbí.